Ta Ni Yóò Máa Bá Kílókànyín Sáré?

Alága wa, Baba Bádéjọ, mo júbà yín. Ẹ̀yin àgbààgbà Ifọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ rélùwéè, ẹ̀yin ìyá olóbì, ẹ̀yin ará ilé mi tó ti Ọ̀fàdà wá sìn mí relé lónìí tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, mo kí yín o.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ti yìn mí títí ojú fi ń tì mí. Ọlọ́dẹ sítéṣọ̀n lásán ni èmi Lásúnkànmí, obì àti kòkó tó ń dúró de ọkọ̀ ni mò ń ṣọ́. Ẹ̀yin gan-an lẹ ṣe mí lóore. Nígbà tí ìyàwó mi kú, ẹ kò jẹ́ kí n fi ebi sùn. Mi ò lè gbàgbé ìyẹn. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, n ó sì sọ ọ́ kí n tó wọkọ̀.

Ajá sítéṣọ̀n tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí, mo ti bẹ̀ yín nítorí ẹ̀ títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Mo ní ajá kì í ṣe ewúrẹ́. Ẹ jẹ́ kó sáré ní pápá láàárọ̀, ẹ ju èèpo àgbọn kó lọ gbé e wá, ẹ bá a ṣeré. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, á sùn, ẹ̀yin náà á sì sinmi. Ẹ gbọ́ bí? Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, ẹ so ó mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ìgbà tó já okùn, ojú irin ló gbà lọ, ó ń gbó mọ́ rélùwéè, díẹ̀ ló kù kó bọ́ sábẹ́ ẹ̀. Ẹ wá ń sọ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ta ló fọn fèrè nínú yín?

Mo mọ àwáwí yín. Ẹ ní orúkọ ajá ni kò dára. Ṣé èmi ni mo sọ ọ́? Mùíbì tó ń tan fìtílà ló bá yín jà, ló sọ ajá ní Kílókànyín, kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ ẹ̀ lọ sí Ìbàdàn. Bí mo bá pe ajá ní pápá báyìí, Ìyá Sùwéébátù olóbì á ní mo bú òun. Ẹni tí mo bá sì bẹ̀ pé kó máa bá a sáré á ní òun ò lè máa ké irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ní kùtùkùtù. Ajá tó bá lẹ́ni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ. Èyí tí kò lẹ́ni lẹ́yìn, rélùwéè ni yóò pa á. Ṣé orúkọ tó èyí tí ẹran Ọlọ́run ó tìtorí ẹ̀ kú?

Okùn ẹ̀ rèé; ajá sítéṣọ̀n ni, mi ò lè mú un lọ sí Ọ̀fàdà. Mi ò ní wọkọ̀ títí ẹnì kan á fi gbà á. Ẹ má wojú Alága, ẹ̀yin ni mò ń bá wí.

Àbí ẹ̀yin lẹ dìde yẹn, Ìyá Sùwéébátù? Ẹ̀yin èèyàn, wọ́n ní àwọn ò ní fi ẹnu àwọn pe èébú; Ókànmí làwọn ó máa pè é, bó bá sì fara kan aṣọ àwọn, àwọn ó fọ̀ ọ́ kí àwọn tó kírun. Ìyá, ẹ gbà. Ẹ má so ó o.

Ọlọ́run á fún ẹsẹ̀ yín lágbára. Gbogbo yín, ẹ kò ní fi ẹkún sin ara yín, ọjà yín á tà, ọmọ yín á dàgbà lójú yín.

Ẹ wò ó, ó ti ń tẹ̀lé wọn lọ, ó ń jùrù. Kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún náà nìyẹn, ó sì dùn mí. Ẹ ṣé o.