Mo Ní Èké Ni Ọmọ Àlàájì

Wọ́n ti dá ẹjọ́ ikú fún mi. Mi ò mọ ọjọ́ tí wọn yóò mú un ṣẹ, àwọn wọ́dà náà ò mọ̀ ọ́n. Bí mo bá bi wọ́n, wọ́n á ní kí n máa jẹ ẹ̀wà mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má tíì káàánú mi o. Mo ti fi omijé kó ọ̀pọ̀ èèyàn nífà láyé mi, mo sì mọ bí àánú ṣe ń sọ ọlọ́gbọ́n di ọ̀dẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rò fún yín.

Abọ́ ìrẹsì kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà èwe mi, Àgọ́-Ìwòyè ni mò ń gbé, mo sì ń pe ara mi ní akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu géètì nìkan ni mo mọ̀ níbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ebi ń pa mí, mo bá yà sílé kan tí wọ́n ti ń ṣe fìdáù, àdúrà ọjọ́ kẹjọ òkú. Obìnrin tó ń bu oúnjẹ wò mí látòkè délẹ̀.

"Ọmọ ta ni ọ́?"

Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Ọmọ olóògbé ni mí, Mà. Ìyá mi ò jẹ́ kí n tètè mọ̀ wọ́n." Mo bú sẹ́kún. Ebi ló ń sunkún, àmọ́ ta ni yóò yẹ omijé wò?

Obìnrin náà dì mọ́ mi, ó bu ìrẹsì, ó fi itan adìyẹ lé e. Bí mo ṣe di ọmọ gbogbo òkú nìyẹn.

Lágbègbè wa, tí ọmọ kan bá wọlé níbi fìdáù, tó ní òun ni olóògbé bí sẹ́yìn odi, wọn kì í lé e lójú àlejò. Ìtìjú ilé ni. Ohun tí mo ń jẹ nìyẹn. Màá kọ́kọ́ lọ bá àwọn ìyá tó mọ oríkì ilé náà, màá kọ́ ọ dójú àmì, màá wá wọlé nígbà tí àwọn àáfà bá ń ṣe àmín. Wọ́n á fún mi ní agbádá bàbá, aago bàbá. Ilé kan tiẹ̀ fẹ́ fún mi níyàwó bàbá, mo ní rárá, mo ní ẹ̀kọ́ ilé.

Ìgbà tí mo dé Òkè-Àgbò, n'Ìjẹ̀bú-Igbó, ni ẹsẹ̀ mi yọ̀. Àlàájì kan ló kú, ọmọ ìdílé tí gbogbo ìlú ń pè ní Onípákó. Àwọn bàbá ńlá wọn ló ń gé gẹdú nínú igbó, tí wọ́n ń so ó pọ̀ lójú omi, tí wọ́n ń tù ú gba ọ̀sà lọ sí Èkó. Fọ́tò wọn pẹ̀lú gómìnà òyìnbó ṣì wà lára ògiri pálọ̀ òkè. Àlàájà, ẹ̀gbọ́n olóògbé, jókòó sábẹ́ fọ́tò náà, ó ń ka tẹsùbáà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní Àlàájì ló bí mi, mo ki oríkì ilé náà bí ẹni ń da omi: ọmọ agégi-fún-omi-gbé, ọmọ adagi-bí-ẹran-wọ̀lú, mo bá a lọ títí dópin.

"O mọ̀ ọ́n ju èmi lọ," ni Àlàájà wí. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Bàbá mi ni, Mà."

"Tí wọ́n bá ń kì ọ́, níbo ni wọ́n ti máa ń dúró?"

Mo wo ilẹ̀, mo wo àjà. "Wọn kì í dúró, Mà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Jókòó síbẹ̀ yẹn, olè. Tí o bá sá, àwọn ọmọ tó ń kun ẹran lẹ́yìn ilé ṣì mú ọ̀bẹ lọ́wọ́."

Òun ló là mí lóye. Ó ní àwọn ọkùnrin ilé náà, tí wọ́n bá ń ki ọmọ wọn, tí wọ́n bá dé ibi tí igi ti wọ̀lú, wọ́n á dánu dúró, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí ọmọ náà ní àtàrí, kí wọ́n tó máa bá a lọ. Ọmọ tí wọ́n bá ti ṣe é fún, títí ayé ni yóò máa tẹrí ba tí wọ́n bá dé ibẹ̀. Òun gan-an kì í mọ̀ pé òun ń ṣe é.

"Ẹ̀yin èké," ni Àlàájà wí, "ẹ máa ń kọ́ ọ tán. Ọmọ gidi kì í mọ̀ ọ́n tán. Ṣé ọlọ́pàá ni kí n pè, àbí wàá máa gbé lọ́dọ̀ mi? Ẹni tó mọ irọ́ pa báyìí á dá a mọ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn."

Mo gbà. Ẹ má rò pé ọlọ́pàá ni mo bẹ̀rù. Ẹkún sísun ló ti rẹ̀ mí.

Bí mo ṣe di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àwọn ọlọ́lá nìyẹn. Ilé olówó tí òkú bá kú sí, tí àjèjì wá ń sunkún níbẹ̀, èmi ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Obìnrin kan wá sílé olóyè kan ní Àgọ́-Ìwòyè, ó ní ìyàwó olóyè lòun, ó sunkún títí gèlè ṣí lórí rẹ̀. Mo bi í pé apá ibo ni olóyè máa ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní apá ọ̀tún. Orí àga sì ni olóyè ti ń sùn láti ìgbà tí ẹ̀yìn ti ń dùn ún. Mo sìn ín dé gáréèjì, mo sì sọ fún un pé ẹkún rẹ̀ dáa, pé ìmúrasílẹ̀ ló kù. Àwọn ọmọ olóyè ń dọ̀bálẹ̀ kí mi. Mò ń jókòó sí iwájú. Àlàájà ń pè mí ní "ọmọ mi" níwájú àlejò, mo sì ń ṣe bí ẹni pé mi ò gbọ́, kí ó lè tún un pè.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó ní òun fẹ́ kí wọ́n tún yàrá Àlàájì ṣe lókè. "Tí wọ́n bá ti kùn ún tán, màá pe ẹbí jọ. Màá sọ fún wọn pé ọmọ ilé ni ọ́, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó lọ mumi."

Mi ò sunkún lọ́jọ́ náà. Ìgbà tó tọ́ kí n sunkún gan-an, omijé kọ̀.

Kò pẹ́ sí i ni Mùfútàù dé. Apẹja ni, ará Mákùn-Omi, ọjọ́ orí wa ò ju ara lọ. Ó gbé agbọ̀n ẹja yíyan dání, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ìyá òun ló sọ fún òun kó tó kú pé Àlàájì Onípákó ló bí òun, nígbà tí Àlàájì ṣì ń tẹ̀ lé gẹdú lójú omi.

"Kí lo mọ̀ nínú oríkì?" ni mo bi í.

"Díẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Ọmọdé ni mí nígbà tí bàbá mi wá kẹ́yìn." Ó bẹ̀rẹ̀. Ó fò, ó ṣì í pè. Ó dé ibi tí igi ti wọ̀lú, ó dákẹ́, ó tẹrí ba. Ó kàn dúró bẹ́ẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ wẹ̀ lórí.

Àlàájà kò wo Mùfútàù. Èmi ló ń wò.

"Kí lo rí?"

"Èké ni, Àlàájà."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Mà."

Ó ka tẹsùbáà díẹ̀. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ kó jẹun ná."

Mo sin Mùfútàù síta. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ilé kọ́ ni mo wá gbà o. Ibojì bàbá mi ni mo fẹ́ mọ̀. Tí Àlàájà ò bá gbà, àbúrò ìyá mi ṣì wà láyé. Fìlà Àlàájì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Màá mú un wá."

Ọ̀rọ̀ fìlà yẹn ló bà mí nínú jẹ́. Mo rí yàrá tí wọ́n ń kùn lókè, mo rí i bí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe ń tì mọ́ mi. Mo ní, "Àlàájà ní kí n tẹ̀ lé ọ, ká jọ lọ mú àbúrò ìyá rẹ náà wá." Inú rẹ̀ dùn. Òun ló sanwó mọ́tò wa.

Etí omi la ti wọ ọkọ̀ rẹ̀. Ó jókòó síwájú, ó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ará òkè di ọkọ̀ mú bí ẹni di màlúù mú. Àjẹ̀ kejì wà lẹ́sẹ̀ mi. Mi ò ní purọ́ fún yín mọ́: títí di ìgbà yẹn, mo ṣì lè ní kó dá mi padà.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ bá mi kì í tán. Èyí tí mi ò mọ̀ yẹn."

Mo bẹ̀rẹ̀. Ọmọ agégi-fún-omi-gbé. Ọmọ adagi-bí-ẹran-wọ̀lú. Mo dánu dúró. Mùfútàù gbé àjẹ̀ kúrò lómi, ó tẹrí ba, ó ń dúró. Àtàrí náà ni mo la àjẹ̀ kejì mọ́.

Kò gbọ́ èyí tó kù.

Mo tì í sáàárín òṣíbàtà, mo wa ọkọ̀ padà bí ọ̀mùtí. Obìnrin kan tó ń yan ẹja létí omi ti rí wa nígbà tí à ń lọ ní méjì, ó sì rí mi bí mo ṣe ń bọ̀ ní èmi nìkan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mú mi, níwájú abọ́ ìkọ́kọrẹ́ Àlàájà. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kankan ò níṣẹ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìdájọ́, Àlàájà wá wò mí. Ó ti rù. Mo bẹ̀ ẹ́ kó forí jì mí.

"Mo rí i," ni ó wí.

"Ẹ rí kí ni, Mà?"

"Nígbà tó tẹrí ba. Ojú mi ò tíì fọ́. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ ni. Nígbà tí o ní èké ni, mo ní kí n fún ọ láyè, pé ojú á tì ọ́, wàá padà wá sọ ọ́." Ó yí tẹsùbáà mọ́ ìka. "Lọ́jọ́ tó dé yẹn ni mo ní kí wọ́n kun yàrá kejì mọ́ ọn, ìwọ ní ọ̀kan, òun ní ìkejì. Èmi náà jẹ̀bi. Mo mọ òótọ́, mo jókòó lé e."

Mo tẹrí ba níwájú rẹ̀. Kò fẹ́ atẹ́gùn kankan. Ó kó tẹsùbáà rẹ̀, ó lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀ báyìí, ó sì ti rẹ̀ mí. Bí ebi bá ń pa yín níbi fìdáù, ẹ sọ pé ebi ń pa yín. Wọ́n á fún yín jẹ. Bí wọ́n bá sì fi yín jókòó nílé tí kì í ṣe tiyín, tí ọmọ onílé wá wọlé, ẹ sún fún un. Ààyè pọ̀ níbẹ̀. Èmi ni mi ò wò.