Adìyẹ Àgbàsìn Tí Mo Pín Nílé Bàbá Mi

Ẹ̀yin tí ìwé yìí bá tẹ̀ lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù kà á. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbé mì láti bí ọdún márùn-ún, kò sì dà nínú mi títí di òní. Agọ̀ adìyẹ kan tó wọlé mi lọ́jọ́ Ajé ló jẹ́ kí n máa sọ ọ́ báyìí.

Ọmọ Ṣábẹ̀ ni mí. Parakou ni mo ti ń ta adìyẹ àti pẹ́pẹ́yẹ, ní àdúgbò Albarika. Ẹnu mi kì í sinmi, Ìyá Rédíò ni wọ́n ń pè mí lọ́jà. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó yẹ kí n sọ̀rọ̀ ni mo dákẹ́.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, mo ra pẹ́pẹ́yẹ lọ́wọ́ oníṣòwò kan tó kó wọn wá láti etí odò Ọya, ní Malanville. Wọ́n sanra, ìyẹ́ wọn ń dán. Mo dà wọ́n pọ̀ mọ́ adìyẹ mi. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí orí àwọn adìyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ogbe wọn dúdú, wọ́n ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ò ṣe nǹkan kan, wọ́n ń jẹun wọn.

Dókítà ẹran tí ìjọba rán wá yẹ̀ wọ́n wò. Ó ní àwọn ẹyẹ odò tó ń ti ilẹ̀ òkèèrè fò wá ló ń gbé àrùn yìí kiri. Pẹ́pẹ́yẹ ń kó o lára wọn, adìyẹ ń kó o lára pẹ́pẹ́yẹ, ó sì ń yí ara padà bó ṣe ń lọ, débi pé èyí tí kò pa ẹyẹ lánàá lè pa á lónìí.

Ó wò mí lójú. "Madáàmù, èyí tó ń jẹun yìí náà lè ti ní in lára. Ẹyọ kan ò gbọdọ̀ jáde níbí. Ẹ pa gbogbo wọn, kẹ́ ẹ sun wọ́n."

Mo ní, "Wí, dókítà, bẹ́ẹ̀ ni." Mo gbọ́ ọ yékéyéké. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní purọ́ fún yín pé mi ò gbọ́.

Nígbà tó lọ tán, mo wo àgbébọ̀ mẹ́fà tí ara wọn ṣì le. Àánú wọn ṣe mí, àánú ara mi sì ṣe mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rò pé tí wọ́n bá ti kúrò nítòsí àwọn aláìsàn, wọ́n á yè. Mo kó wọn sínú agọ̀, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ṣábẹ̀, mo pín wọn ní àgbàsìn fún àwọn obìnrin agbo ilé bàbá mi. Ẹ mọ bá a ṣe ń ṣe é: ẹni tó gbà á á máa tọ́jú rẹ̀, nígbà tí ẹyin bá sì pa, òun àti ẹni tó ni ín á pín àwọn ọmọ lọ́gbọọgba.

Wọ́n dúpẹ́ títí. Àbẹ̀kẹ́, opó tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi sílẹ̀, ọmọ Ìdàáṣà, kúnlẹ̀ gba tirẹ̀. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ ṣeun. Ẹ ò gbàgbé mi." Bí ìyàwó ilé ṣe ń pe àwa ọmọ ilé nìyẹn, lọ́kùnrin lóbìnrin.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, adìyẹ agbo ilé náà kú tán. Ó ràn dé àdúgbò kejì. Ẹyọ kan ló ṣẹ́ kù, ti Àbẹ̀kẹ́. Ó ṣàìsàn, ó sì dìde. Ìyẹn gan-an ló kó bá a. Wọ́n ní kí ló dé tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan ló yè? Wọ́n ní ó bu oògùn sínú omi tí adìyẹ ń mu.

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí sí ìpàdé ẹbí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wo gbogbo wa, ó ní, "Ẹni tó bá mọ nǹkan kan kó sọ ọ́." Mo wolẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá lanu, èmi ni wọ́n máa lé. Àbẹ̀kẹ́ wo apá ọ̀dọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n lé e. Ó di ẹrù, ó gbé adìyẹ náà há abíyá, ó padà sí Ìdàáṣà. Wọ́n gba ọmọ rẹ̀ méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní ọmọ ilé wa ni wọ́n.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, ó gbé agọ̀ kan wá fún mi. Àgbébọ̀ mẹ́rin àti àkùkọ kan ló wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́ ní kí n kí ọkọ òun. Ìpín yín nínú àwọn ọmọ adìyẹ àgbàsìn yẹn rèé. Ó ní kẹ́ ẹ má bínú pé ó pẹ́. Ó ní ẹ̀yin nìkan lẹ ò sọ ohun burúkú kankan sí òun lọ́jọ́ ìpàdé."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Ojú tì mí. Mi ò lè pa adìyẹ yẹn jẹ, mi ò lè tà á, mi ò sì lè dá a padà láì sọ ìdí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo ti ṣe tán láti lọ sọ̀rọ̀, kódà kí wọ́n lé mi. Ṣùgbọ́n ọmọ Àbẹ̀kẹ́ obìnrin, ọ̀kan nínú àwọn méjì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wà lọ́dọ̀ mi níbí, ó ń fún àwọn adìyẹ náà lóúnjẹ láràárọ̀, kò sì mọ ẹni tó fi wọ́n ránṣẹ́. Ìyá ni kí n kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ fún ni, àbí ọmọ?