Oògùn Tí Hàwáwù Pò Mọ́ Ògì Àbúrò Rẹ̀

"Bí mo bá tún gbé ọ̀rọ̀ yìí mì lónìí, Zulaiha, ó lè pa ọ́."

Báyìí ni Hàwáwù ṣe bẹ̀rẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, nínú yàrá àbúrò rẹ̀ ní àdúgbò Tudun Wada. Zulaiha ń di ẹrù ilé ìwòsàn lọ́wọ́, nítorí ọjọ́ Ajé ni wọ́n fẹ́ tún ẹ̀yìn rẹ̀ là lẹ́ẹ̀kejì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wí tán pé, "Àǹtí mi, lọ́tẹ̀ yìí, ẹ bá mi fi àgádágodo ti bẹ́líìtì ẹ̀yìn yẹn. Mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ ara mi mọ́." Ọ̀rọ̀ náà gún Hàwáwù dé egungun. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ọwọ́ rẹ kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni."

Láti kékeré ni ẹ̀yìn Zulaiha ti wọ́. Nígbà tó pé ogójì ọdún, tí kò lè mí dáadáa mọ́, ni wọ́n fi irin tún un tò. Dókítà kìlọ̀ pé irin kàn ń dì í mú ni, pé eegun gan-an ló gbọ́dọ̀ so pọ̀, yóò sì pẹ́. Kó máa de bẹ́líìtì ẹ̀yìn tọ̀sán-tòru, kó má gbé ẹrù, kó má lo oògùn tí àwọn kò fún un. Hàwáwù ló ń tọ́jú rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló jọ ń ta òkìríkà ní ọjà Kasuwan Barci, ọwọ́ ẹnì kan kò sì ká a. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, sùúrù Hàwáwù tán. Ọkùnrin kan tó ń kiri oògùn fún un ní hóró funfun kéékèèké. "Hajiya, ba matsala," ó ní, "kò séwu, yóò dìde fùyẹ́, yóò sì sanra." Hàwáwù mọ̀ pé àbúrò òun kò ní gbà, ló bá ń lọ̀ ọ́, ó ń pò ó mọ́ ògì rẹ̀ láràárọ̀.

"Mo rò pé oore ni mò ń ṣe. Rárá, irọ́ tún ni. Mo fẹ́ kí o padà sọ́jà ni."

Ìrora lọ lóòótọ́. Zulaiha padà sídìí ọjà, ó ń gbé ìdì aṣọ. Munir, ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí i láti fẹ́ ẹ. Nígbà tí dókítà béèrè bóyá ó ń lo oògùn mìíràn, Hàwáwù ló yára dáhùn: "Wallahi, kò lo nǹkan kan." Ó búra! Ní oṣù kẹrìnlá, bí Zulaiha ṣe ń dìde níbi ìrun, nǹkan dún "kà" lẹ́yìn rẹ̀. Fọ́tò eegun fi hàn pé eegun kò so rárá, irin sì ti dá sí méjì. Dókítà béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Munir wà níbẹ̀.

"Mo sọ fún dókítà pé o máa ń tú bẹ́líìtì lójú oorun. O ní o kò tú u rí. Mo ní ẹni tó sùn kì í mọ̀. Munir gbà mí gbọ́, kò padà wá mọ́. Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Ọjọ́ tí o kúnlẹ̀ fún mi pẹ̀lú ẹ̀yìn wíwọ́ yẹn, o ní kí n foríjì ọ́, pé o fi làálàá mi ṣòfò. Mo gbọ́wọ́ lé ọ lórí, Zulaiha. Mo ní mo ti foríjì ọ́!"

Zulaiha kò sunkún. "Ọdún méjì," ó ní, "ni mo fi ń so ọwọ́ ara mi kí n tó sùn." Lẹ́yìn náà, ó na fóònù sí i. "Ẹ sọ ọ́ fún dókítà."

Hàwáwù sọ ọ́. Dókítà ní oògùn yẹn ló sọ eegun náà di aláìlágbára tí kò fi so, pé bí wọ́n bá là á láìmọ̀, ó lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ó sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú, kí wọ́n lè yẹ eegun rẹ̀ wò kí wọ́n sì fún un lókun. Fatima aládùúgbò ló tọ́jú Zulaiha. Nígbà tó fi máa pé ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, eegun ti so. Hàwáwù ti bẹ̀bẹ̀ títí. Ìdáhùn kan náà ni Zulaiha ń fún un: "Mo gbọ́, Àǹtí mi." Kò tíì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ìpéjọ àdúrà àsálátù, Hàwáwù a máa sọ fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá ṣẹ èèyàn, ẹ tètè jẹ́wọ́, kó tó di pé ẹni tí ẹ ṣẹ̀ ló ń kúnlẹ̀ bẹ̀ yín."