Ilẹ̀ Tí Mo Pè Ní Òfìfo Ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́nà ọ̀fun láti ìgbà òjò tó kọjá, mo ń gbé e mì, kò lọ. Ǹ bá máa gbé e mì bẹ́ẹ̀ títí, bí kì í bá ṣe pé katapílà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Bí n kò bá sọ̀rọ̀ kó tó dé, òkú ẹni ẹlẹ́ni ni yóò hú jáde, èmi ni mo sì fọ̀nà hàn án.

Iṣẹ́ àwòrán ilẹ̀ ni mo ń ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Ìkòyí. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi pẹ́ńsùlù yà, orí kọ̀ǹpútà ni. Kò le bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ẹ rántí bí àwọn oníléṣì Ọjà Balógun ṣe máa ń tẹ́ léṣì kan lé òmíràn, tí tìsàlẹ̀ á máa yọjú láti inú ihò tòkè. Bẹ́ẹ̀ ni tiwa. Ìpele kan jẹ́ ilé, ìkan jẹ́ títì, ìkan jẹ́ gọ́tà, a ó wá tẹ́ wọn léra. Kànga jẹ́ àmì kan ṣoṣo, gọ́tà jẹ́ ìlà, agboolé jẹ́ ilẹ̀ tí a fi ìlà yí ká. A ó kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mọ́ ọn lára, àti bí a ṣe mọ̀ ọ́n: ṣé a fẹsẹ̀ débẹ̀ ni, àbí inú fọ́tò tí wọ́n yà láti ojú ọ̀run la ti wò ó. Kọ̀ǹpútà kì í jiyàn. Bí ẹ bá pe ilé ní odò, odò lòun náà á máa pè é.

Wọ́n fẹ́ la gọ́tà tuntun gba Ìsàlẹ̀ Èkó kọjá, nítorí omi tó ń wọlé àwọn èèyàn. Wọ́n ní ká lọ ya gbogbo agboolé tó wà níbẹ̀. Wọ́n pín àdúgbò fún wa. Nígbà tí mo rí èyí tó bọ́ sí mi lọ́wọ́, inú mi dàrú.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Agboolé kan wà ládùúgbò yẹn tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìyàwó wọn. Kàmórù, ọmọ ilé náà, ló fẹ́ fẹ́ mi. Ìdánà ku díẹ̀ ló lọ gbé ọmọ ẹlòmíràn níyàwó, ó sì jẹ́ pé ẹnu àwọn aráàdúgbò ni mo ti gbọ́. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Àlàájà, sunkún wá bẹ̀ mí nílé wa. Mo ti ìlẹ̀kùn yàrá mọ́rí, n kò yọjú sí i. Mo sì búra pé ẹsẹ̀ mi kò ní tẹ ilẹ̀ wọn mọ́ láéláé.

Mo ya gbogbo agboolé yòókù bó ṣe yẹ. Mo fẹsẹ̀ rìn ín nínú oòrùn, mo gbé fóònù tó ń mú àmì ibi tí èèyàn dúró sí dání, mo kí àgbà, mo wọ kọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà wọn, mo yí padà. Mo padà sí ọ́fíìsì, mo ṣí fọ́tò ojú ọ̀run, mo fi ìlà yí ilé wọn ká látorí àga. Àárín ilé náà funfun nínú fọ́tò, kò sí páànù, kò sí igi. Mo kọ ọ́ sí i pé ilẹ̀ òfìfo. Níbi tí wọ́n ti bi mí bí mo ṣe mọ̀, mo kọ ọ́ pé mo fẹsẹ̀ débẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí òun gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ yẹn kò ṣófo. Nígbà tí wọ́n ṣì ń pè mí ní ìyàwó, Àlàájà fúnra rẹ̀ ló mú mi débẹ̀. Sàréè ọkọ rẹ̀ ni, àti ti ìyá ọkọ rẹ̀, àti ti àwọn tó ṣáájú wọn. Sìmẹ́ńtì pẹrẹsẹ ni wọ́n fi bò wọ́n, kò yàtọ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wọ bàtà gba ibẹ̀ kọjá nílé wọn. Àlàájà dúró títí mo fi bọ́ tèmi. Fọ́tò ojú ọ̀run kò rí sàréè, ṣùgbọ́n èmi rí i.

Ṣé ìtìjú ló fà á ni, àbí mo fẹ́ gbẹ̀san? Mo ti bi ara mi títí. Ìtìjú pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn díẹ̀ nígbà tí mo tẹ ọ̀rọ̀ yẹn. Ojú ń tì mí láti kọ èyí sílẹ̀.

Àwọn tó ń ṣètò gọ́tà wá tẹ́ ìpele tiwọn lé tèmi. Wọ́n wá ibi tí wọn kò ti ní wó ilé ẹnikẹ́ni, ìlà wọn sì gba orí sàréè wọ̀nyẹn lọ tààrà. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri Àlàájà.

Lọ́sẹ̀ yìí, Àlàájà wá sí ọ́fíìsì wa, ó ń fi ọ̀pá rìn, ó ní orí sàréè àwọn òkú òun ni wọ́n fẹ́ la gọ́tà gbà. Ọ̀gá mi dá a lóhùn pé, "Mama, ẹ má bínú. Map yẹn correct. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, èèyàn wa fẹsẹ̀ débẹ̀ ni." Ó wá yíjú sí mi. "Àbí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ẹyin lohùn. Ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi, ó ti fọ́.

Àlàájà kò mọ̀ pé èmi ni èèyàn tí wọ́n ní ó débẹ̀ yẹn. Nígbà tí mo sìn ín dé ẹnu géètì, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ọmọ mi, inú mi dùn pé o wà níbí. Ìwọ mọ ilé wa. Ẹni tí wọ́n ló wá yẹn, bá mi wá a rí. Mi ò bá a jà o. Bóyá wọn ò mú un wọ àárín ilé ni. Ṣe ni mo fẹ́ fà á lọ́wọ́ wọlé, kó fojú ara ẹ̀ rí i."

Mo ní mo gbọ́. Ó ṣàdúà fún mi, ó ní Ọlọ́run á fún mi lọ́kọ tó dáa ju ọmọ òun lọ.

Bí mo bá sọ fún ọ̀gá mi, iṣẹ́ mi ti lọ nìyẹn, wọ́n á sì ní torí Kàmórù ni mo ṣe fẹ́ ba òkú wọn jẹ́. Ó sì lè má gbà mí gbọ́, torí ẹnu mi náà ló jẹ́rìí. Mo gbìyànjú láti tún àwòrán náà ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n ti tì í pa.

Lánàá, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo lọ síbẹ̀. Mo bọ́ bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ ohùn Àlàájà nínú ilé, ó ń tọrọ àánú fún àwọn òkú rẹ̀. Ó wá dárúkọ mi mọ́ àwọn alààyè tó ń ṣàdúà fún. Mo wọ bàtà mi padà, mo sá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, ṣé ọ̀gá mi ni tàbí Àlàájà? Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé ẹni tó ní òun fẹ́ fà lọ́wọ́ wọlé, òun ti fà á wọlé rí? Ẹ bú mi bó bá wù yín, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ tètè dá mi lóhùn, ọjọ́ Ajé kò jìnnà mọ́.