Tuntun Ò Mọ Ẹnì Kan

Mo ń ṣa ṣẹ́ẹ̀tì òkìríkà ní ọjà Misẹ̀bọ̀ nígbà tí màmá àgbà kan gbé àkọ́díọ̀nù, dùùrù àfàyàgbé tí wọ́n ń fà bí ẹwìrì, wá bá ọkùnrin tó ń tún ohun èlò orin ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo dúró sí.

"Ọmọ mi, bá mi pààrọ̀ àwọn bọ́tìnì rẹ̀. Wọ́n ti jẹ tán. Ọmọ-ọmọ mi fẹ́ máa lò ó ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Ọkùnrin náà fọwọ́ pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Tàntí, ta ló ni ín tẹ́lẹ̀?"

"Bàbá mi tó ti kú ni."

"Ẹ má bínú o. Ṣé ìka wọn kan gé ni?"

Màmá fọwọ́ bo ẹnu. "Iṣẹ́ èbúté ló gé e, kí wọ́n tó bí mi. Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ẹ fọwọ́ kàn án. Àwọn yòókù, àárín ni wọ́n ti jẹ. Méjì yìí, ẹ̀gbẹ́ kan ni. Ìka mìíràn ló ń nà wá bá wọn."

Màmá fọwọ́ kàn án. "Yéè! Bàbá mi rèé! Láti ọjọ́ yìí tó ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi!"

"Tàntí, mo ní tuntun nílẹ̀, ó ń dán gbinrin. Ṣùgbọ́n tuntun ò mọ ẹnì kan."

Orí mi wú. Mi ò dúró gbọ́ èsì màmá. Tuntun ò mọ ẹnì kan! Nígbà tí mo délé, mo tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo rà sórí itan, mo ń fọwọ́ pa bọ́tìnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà lọ́rùn ti jẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan péré.