Eéwo Inú Ẹ̀dọ̀ Télọ̀ àti Ìwé Tí Mo Fi Pamọ́

Ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi yìí, ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń gbé e kiri, n ò sì fẹ́ gbé e wọ ilẹ̀. Ọkàn mi ti rẹ̀, ó ń lù bí aago tó fẹ́ dákẹ́. Àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ló ń tọ́jú mi báyìí; wọ́n á dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n rò pé n ò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Èmi tí mo ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ẹlòmíì fún ọgbọ̀n ọdún! Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n wá sọ fún mi pé àwọn fẹ́ fi orúkọ mi pe yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tuntun nílé ìwòsàn wa. Mo ní kí wọ́n má ṣe é. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Bàbá Ẹ̀dọ̀ ò fẹ́ ariwo. Kì í ṣe ariwo ni n ò fẹ́. Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ ìṣègùn, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ fún yín ohun tí mo ṣe. Ọmọbìnrin mi ló ń bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Òun náà ò gbọ́ ọ rí.

Bàbá Ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń pè mí nítorí pé wọ́n gbà pé kò sí ẹ̀dọ̀ tó wú tí ọwọ́ mi ò lè mọ ìdí rẹ̀. Màá ní kí aláìsàn dùbúlẹ̀, kó ká orúnkún sókè, kó mí kanlẹ̀. Màá wá fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ mi wá etí ẹ̀dọ̀ náà lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún. Bó bá le bí òkúta tó sì rí gbágungbàgun, mo mọ̀. Bó bá ń dun aláìsàn bí ibi tí iná jó, mo mọ̀. Àwọn èèyàn á ti ọ̀nà jíjìn gbé aláìsàn wọn wá, wọ́n á ní ọwọ́ mi làwọn ń wá, àwọn ò wá ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá ń pe èèyàn bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún, ṣé kò ní í gbà á gbọ́? Èmi gbà á gbọ́ ju àwọn tó ń pè mí lọ.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé dókítà obìnrin kan wá sábẹ́ mi. Ó kéré lọ́jọ́ orí, ó tún rí pẹ́ńpẹ́, ni gbogbo wọ́ọ̀dù bá ń pè é ní Dókítà Kékeré. Èmi ni mo kọ́ ọ. Mo gbé ọwọ́ mi lé ọwọ́ rẹ̀ títí tó fi mọ etí ẹ̀dọ̀ láì wojú ẹnikẹ́ni. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo ń fi í yangàn bí ẹni pé èmi ni mo bí i. Lọ́dún kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí kò dùn mọ́ mi létí. Mo ń kọjá lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ tí ìyá àgbàlagbà kan ń sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Ọmọ mi, n ò wá bá Bàbá Ẹ̀dọ̀ o. Ọmọbìnrin yẹn ni mo fẹ́ rí, èyí tó máa ń fi ọwọ́ ra ọwọ́ kó tó fi kan èèyàn." Ó máa ń fi ọwọ́ ra ọwọ́ kó lè móoru! Nǹkan kékeré báyẹn. Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ ní ìyẹn, n ò sì ṣe é rí láyé mi. Mo délé, mo jókòó, mo ń fi ọwọ́ ra ọwọ́. Ìyàwó mi ní, "Bàbá wọn, ṣé òtútù ń mú yín ni?"

Láti ọjọ́ náà ni owú ti wọ̀ mí lára. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé obìnrin ló ń jowú. Àgbàlagbà ọkùnrin tó gbé ìwé ẹ̀rí mẹ́rin kọ́ sára ògiri, owú ń jẹ ẹ́ bí ikán ṣe ń jẹ ilẹ̀kùn, ìta ń dán, inú ti di ìyẹ̀fun. Bí wọ́n bá dúpẹ́ lọ́wọ́ Dókítà Kékeré, etí mi á máa hó. Bó bá ń bá nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, mo rò pé èmi ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Láràárọ̀, màá ti wo àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kí n tó wo tèmi.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni wọ́n gbé télọ̀ kan wá. Ó tó ẹni ogójì ọdún, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ torí pé ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló ti ṣubú. Ibà ti ń ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ń làágùn, ó ti rù, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sì ti wú sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ ìhà. Ìyàwó rẹ̀ dúró tì í, ó gbá bàtà ọkọ rẹ̀ méjèèjì mọ́ àyà. Mo fọwọ́ kan ẹ̀dọ̀ náà. Ó le. Mo ní jẹjẹrẹ ni, ó sì ti pẹ́ jù. Mi ò lò ju ìṣẹ́jú méjì lọ, torí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yí mi ká, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí bó ṣe ń yá lọ́wọ́ mi.

Dókítà Kékeré ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ṣé mo lè kàn án?" Ó fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó wá fi ìka kan ṣoṣo tẹ àárín egungun ìhà télọ̀ lápá ọ̀tún. Télọ̀ fò sókè. "Yéè! Ibẹ̀ gan-an nìyẹn, dókítà!" Ó bi í bóyá èjìká ọ̀tún náà ń dùn ún. Télọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, òun rò pé aṣọ rírán ló fà á ni. Ọmọbìnrin náà tún bi í bóyá ó ya ìgbẹ́ ọ̀rìn láìpẹ́ yìí. Ìyàwó ló dáhùn: "Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ ó ti lọ." Dókítà Kékeré súnmọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Ọ̀gá, ó dà bíi pé eéwo ló so sínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Kòkòrò ìgbẹ́ ọ̀rìn yẹn ló gòkè lọ síbẹ̀. Tá a bá ya àwòrán inú rẹ̀, tá a fún un lóògùn, tá a sì fi abẹ́rẹ́ fa ọyún yẹn jáde, á yè." Ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí ojú má bàa tì mí. Ohun tó bí mi nínú jù nìyẹn. Ká ní ó pariwo ni, ǹ bá rí ohun tí mo lè torí rẹ̀ bá a jà.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ láti ìgbà tí télọ̀ ti fò sókè. Ìka kan ṣoṣo yẹn, èmi ni mo kọ́ ọ. Èmi ni mo gbàgbé láti ṣe é.

Mo ní kó ya àwòrán tó bá wù ú. Wọ́n yà á lọ́jọ́ kejì. Ọkùnrin tó ń ya àwòrán ló fúnra rẹ̀ gbé èsì wá sí ọ́fíìsì mi láago mẹ́wàá àárọ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ihò kan rèé nínú ẹ̀dọ̀, ó tóbi bí ọsàn, omi ló kún inú rẹ̀. Ó ti sún mọ́ ìdí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ tètè fà á o." Mo wo ihò dúdú yẹn. Mo ń gbọ́ ohùn Dókítà Kékeré lẹ́yìn ògiri, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Mo rí i lójú inú mi bí wọ́n á ṣe máa sọ ọ́ káàkiri pé ọmọ àná ló gba ẹ̀mí tí Bàbá Ẹ̀dọ̀ ti pa tì là. Mo ṣí ìwé ńlá kan lórí tábìlì mi, mo ki èsì náà sí àárín rẹ̀, mo pa ìwé náà dé. Mo sọ fún ayàwòrán pé, "Èmi ni màá bójú tó èyí. Má bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́." Ó wò mí. Oṣù mẹ́ta ló ti ń dúró de kí n fọwọ́ sí ìwé ìgbéga rẹ̀. Ó ní, "Ó yé mi, ọ̀gá." Mo fọwọ́ sí i lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Nígbà tí Dókítà Kékeré wá béèrè, mo ní kò sí ihò kankan nínú àwòrán. Ó ní, "Ṣé mo lè rí i, ọ̀gá?" Mo ní, "Ṣé irọ́ ni mò ń pa ni?" Ó ní rárá o, kí n má bínú.

Ọmọ mi ti dá bírò dúró. Máa kọ ọ́, ọmọ mi. Èyí kọ́ ló burú jù.

Lọ́jọ́rú ni mo ní kí wọ́n máa gbé télọ̀ lọ sílé. Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀lé mi dé ẹnu ọ̀nà. "Dókítà, ẹ ṣàánú mi, ṣebí dókítà obìnrin yẹn ní á yè?" Mo ní, "Ọmọdé ni. Ọmọdé ló máa ń ṣèlérí." Ó ní, "Kí ni ká máa wá fún un?" Mo ní ohun tó bá ti ń wù ú jẹ. Oògùn tó lè wò ó sàn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn mi, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ. Oògùn tí à ń fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀!

Lọ́jọ́ kọkànlá, lọ́sàn-án gangan, wọ́n gbé e padà wá. Eéwo náà ti bẹ́ sínú àyà rẹ̀. Ó ń wúkọ́, ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ẹrẹ̀. Dókítà Kékeré ló wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sì dúró dè mí. Ó ti abẹ́rẹ́ bọ àárín ìhà, ó ń fa ọyún jáde, síríǹjì kan tẹ̀ lé òmíràn. Nígbà tí mo dé, télọ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀. Ó rí mi, ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Kó tó pé wákàtí kan, ó ti kú.

Àwọn mọ̀lẹ́bí fárígá pé àwọn fẹ́ mọ ohun tó pa á. Àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn jókòó, wọ́n pè wá, ìyàwó télọ̀ náà wà níbẹ̀. Ibi tó burú jù rèé. Wọ́n ní kí ló dé tí mo fi dá aláìsàn tó ní eéwo nínú ẹ̀dọ̀ padà sílé. Mo ní Dókítà Kékeré ló gba èsì àwòrán, òun ló wá sọ fún mi pé kò sí ihò kankan níbẹ̀. Irọ́ tí mo pa fún un, mo gbé e sí i lẹ́nu bí ẹni pé òun ló pa á. Ó dìde dúró. "Ọ̀gá! Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi!" Wọ́n bi ayàwòrán. Ilẹ̀ ló ń wò, ó ní, "Dókítà Kékeré ni mo fi lé lọ́wọ́." Ìyàwó télọ̀ yíjú sí ọmọbìnrin yẹn, ó ní, "Dókítà, ìwọ ni mo gbọ́kàn lé." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè. Mo jókòó, mo ń gbọ́ ọ. Mo tilẹ̀ mi orí bí àgbà tó káàánú. Wọ́n lé Dókítà Kékeré kúrò lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn dókítà. Kí n má purọ́ fún yín mọ́, mo sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà.

Ayàwòrán ti kú. Lóṣù tó kọjá, nígbà tí ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú, mo ní kí awakọ̀ gbé mi lọ sọ́dọ̀ Dókítà Kékeré. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó tún jẹ́ kó fọwọ́ kan aláìsàn; yàrá méjì ló fi ń ṣe ilé ìwòsàn báyìí, irun rẹ̀ ti ń funfun. Àwọn èèyàn kún orí bẹ́ǹṣì níta, àwọn kan dúró nínú oòrùn. Ṣé ẹ gbà á gbọ́ pé owú tún ta mí? Nínú ipò tí mo wà yẹn! Mo ka gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi fún un. Ó ní, "Mo mọ̀ láti ọjọ́ yẹn, ọ̀gá. Ta ló tún lè mọ̀ jù mí lọ?" Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní, "Èmi kọ́ ni mo kú. Ẹ lọ bá ìyàwó télọ̀ ná."

Mo lọ. Obìnrin náà ló jókòó sídìí ẹ̀rọ ọkọ rẹ̀, ó ń rán aṣọ iléèwé. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì ẹ̀rọ náà. Ó ní, "Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ń ṣépè lé ọmọ ọlọ́mọ lórí." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ jẹ́ n bi yín. Nígbà tí ẹ ń ki èsì yẹn bọ inú ìwé, ṣé ẹ rántí ọkọ mi?" Mo ní n ò rántí rẹ̀ rárá, Dókítà Kékeré nìkan ni mò ń rò. Ó mi orí. Kò sunkún. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹ má fi ẹ̀yọ kan pamọ́. Èmi ni màá gbé e lọ fún ọmọbìnrin yẹn, kí n lè bẹ̀ ẹ́."

Ohun tí mò ń kọ nìyí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnì kan bá mọ iṣẹ́ náà jù yín lọ, kódà kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ, ẹ ní kó tún un ṣe kí ẹ wò ó. Ojú á tì yín díẹ̀. Ojú títì kì í pa aláìsàn. Ẹ̀yin ọmọ tí télọ̀ fi sílẹ̀ lọ, mo bẹ̀ yín, n ò sì ní bínú bí ẹ ò bá gbà. Ìwé méjì ni mo fọwọ́ sí: ọ̀kan fún ìyá yín, èkejì fún ẹgbẹ́ àwọn dókítà, kí wọ́n fọ orúkọ Dókítà Kékeré mọ́ níbi tí mo ti kó ẹrẹ̀ bá a. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ fi mí ṣe, kí wọ́n tètè ṣe é. N ò ní pẹ́ mọ́.