Ìyẹ́ Dúdú-Funfun Lẹ́yìn Ilé Ìdáná

"Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn! Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ yẹn tẹ koríko mi mọ́!"

Bàbá ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ látorí àga rẹ̀, nínú yàrá tí wọ́n ti ń to ẹyin, ó sì na ọ̀pá rẹ̀ sí wọn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló wà lẹ́nu ọ̀nà, òun àti ìyàwó rẹ̀, àwọn tí Bàbá lé kúrò nínú oko lọ́dún tí àrùn lúkúlúkú gbá gbogbo adìyẹ lọ. Wọ́n wá bẹ̀bẹ̀ pé kó jẹ́ káwọn padà sílé. Bàbá ní ọmọ òun obìnrin lòun máa fi oko náà lé lọ́wọ́ kóun tó kú, kò sì sí ẹni tó máa yí òun lọ́kàn padà.

Ọmọ obìnrin náà, tí àwọn oníbàárà ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́yin, dúró nídìí tábìlì, ó ń nu ẹyin kan tó ti mọ́ tipẹ́tipẹ́. Kò gbójú sókè. Ẹni bá wò ó á ní ojú àbúrò rẹ̀ ló ń tì í. Ìtìjú wo? Ẹ̀rù ni.

Ẹ jẹ́ n sọ bí oko náà ṣe rí, kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé yín. Orí koríko ni adìyẹ Bàbá ń jẹ̀. Ilé wọn ní táyà lẹ́sẹ̀, àbúrò yìí ló sì ń fà á lọ sórí koríko tuntun láràárọ̀ kí Bàbá tó lé e, tí á máa bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń kí àna. Àgùntàn á jẹ koríko lọ níwájú, adìyẹ á tẹ̀ lé wọn, wọ́n á máa tú ìgbẹ́ àgùntàn wò, wọ́n á máa ṣa kòkòrò jẹ. Ìparí òjò, tí àgùntàn bá ti sanra, nìkan ni wọ́n ń pa ẹran tà. Tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, adìyẹ á sinmi, ẹyin á wọ́n, oníbàárà á sì ní sùúrù. Ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ń wá láti ọ̀nà jíjìn nìyẹn. Bàbá sì ní òfin kan tí kì í tún sọ lẹ́ẹ̀mejì: ohunkóhun tó bá ti kan adìyẹ ẹlòmíì, ì báà ṣe kíréètì ẹyin, ì báà ṣe bàtà, kò gbọdọ̀ wọ géètì.

Àbúrò bẹ̀rẹ̀ àlàyé, Bàbá dá a lẹ́nu dúró. Ó ní tó bá fẹ́ padà lóòótọ́, kí ìyàwó rẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ló gbé adìyẹ ìta wọlé tí àrùn fi dé. Àbúrò ní láéláé, pé ìyàwó òun ò ní gba irọ́ mọ́ra nítorí ilẹ̀. Bàbá ní ó dáa, ọ̀nà nìyẹn.

Kí Àbúrò tó yíjú, ìyàwó rẹ̀ ti wà lórí eékún. Ó fà á lápá, kò dìde.

"Bàbá, èmi ni," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Mo gbé adìyẹ wá láti ilé ìyá mi. Èmi ni mo pa wọ́n. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀. Tí ẹ ò bá fẹ́ máa rí mi, màá wábi gbé."

Ìyá Ẹlẹ́yin gbé ẹyin ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Irọ́ ló ń pa."

Bàbá mi orí, ó rò pé èébú ló fẹ́ fi kún un.

"Irọ́ ló ń pa, Bàbá. Kò gbé adìyẹ kankan wọlé. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ báyìí, nítorí tí mo bá tún pa ẹnu dé lónìí, ó di sàréè."

Ó wá tú u sílẹ̀. Ó ní lẹ́ẹ̀rùn ọdún yẹn, òun ti ṣèlérí ẹyin fún gbogbo ayé, oníbàárà kan sì fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ó bi òun bóyá adìyẹ wọn ti rìnrìn àjò ni. Ọ̀rọ̀ yẹn gún òun lára. Ìgbéraga lásán ni, kò sí ẹni tó fọ̀bẹ sí òun lọ́rùn. Òun gba oko ńlá kan lọ, níbi tí adìyẹ ti ń gbé inú kéèjì onírin tí wọn ò mọ oòrùn, òun ra ẹyin wọn. Àmì pupa oko náà wà lára ẹyin kọ̀ọ̀kan. Òun fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ ha á títí awọ ìka òun fi bó. Ṣùgbọ́n ẹyin náà mọ́ jù. Ẹni tó ń jẹ ẹyin orí koríko fẹ́ rí ìdọ̀tí díẹ̀ lára ẹ̀, kó lè gbà pé òótọ́ ni.

Àbí ẹ ò rí ọgbọ́n burúkú? Ó dúró títí àbúrò rẹ̀ fi da àgùntàn lọ, ó wá ru ẹyin náà, tòun ti kíréètì wọn, wọ ilé adìyẹ, ó sì ń yí wọn nínú koríko gbígbẹ tí adìyẹ ń yé sí. Àwọn adìyẹ yí i ká, wọ́n ń ṣá kíréètì náà jẹ.

"Mo tún ń rẹ́rìn-ín," ó ní. "Èmi tí mò ń fi omi oògùn fọ bàtà oníbàárà ní géètì. Èmi ni mo fọwọ́ mi gbé àrùn fún wọn."

Kò pẹ́ tí ọrùn adìyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́, ìgbẹ́ wọn di àwọ̀ ewé. Àbúrò ń fi ṣíbí rọ omi sí wọn lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Dókítà ẹran dé, ó ní ìta ni nǹkan yìí ti wá, ó bi wọ́n pé kí ló wọlé. Ìyá Ẹlẹ́yin la ẹnu láti sọ òótọ́. Ohun tó jáde ni pé ṣebí Ìyàwó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìyá ẹ̀ dé.

Ká ní ẹnu lásán ni, à bá ní àṣìsọ ni. Ṣùgbọ́n Bàbá ní òun fẹ́ rí ẹ̀rí. Adìyẹ pupa nìkan ni wọ́n ń sìn lóko yẹn. Ìyá Ẹlẹ́yin lọ ra adìyẹ dúdú-funfun kan létí títì, ó tu ìyẹ́ rẹ̀, ó dà á sẹ́yìn ilé ìdáná Ìyàwó, lábẹ́ dúrọ́ọ̀mù omi, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ fa Bàbá lọ síbẹ̀ lọ wò ó.

"Ó búra títí ohùn ẹ̀ fi há," Ìyá Ẹlẹ́yin ní. "Ó ń pè mí, ó ní, Àǹtí, ẹ̀yin mọ̀ mí, ẹ bá mi bá Bàbá sọ̀rọ̀. Mo ní kí n bá ẹ sọ kí ni. Ẹ lè bi mí pé adìyẹ yẹn ńkọ́? Mo sè é. Bàbá ló jẹ itan ẹ̀."

Ó yí kúrò nídìí tábìlì, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó àbúrò rẹ̀, orí méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra.

"Dìde, Ìyàwó. Tí o ò bá lè forí jì mí, má forí jì mí. Ṣùgbọ́n dìde, ìkúnlẹ̀ yìí kì í ṣe tìẹ."

Ìyàwó ò dìde. Àbúrò fara ti férémù ilẹ̀kùn. Ó wo Bàbá.

"Ẹ ti gbọ́, Bàbá."

Ìyá Ẹlẹ́yin di ojú, ó ń dúró de ọ̀pá. Ọ̀pá ò wá. Nígbà tí Bàbá máa sọ̀rọ̀, ariwo ti kúrò lóhùn rẹ̀ pátápátá.

"Ta lo rò pé ò ń jẹ́wọ́ fún?" ó bi í. "Ẹyin tí o dín fún mi lẹ́ẹ̀rùn yẹn, pupa inú ẹ̀ ṣá bí aṣọ àlòkù. Àgbàlagbà bíi tèmi ò wá ní mọ̀? Mo wá kíréètì tí o fi kó wọn wọlé títí mo fi rí i. Èmi ni mo dáná sun ún."

"Ẹ mọ̀?" Àbúrò ní. "Ẹ mọ̀, ẹ sì lé wa?"

"Àwọn oníbàárà ń béèrè ẹni tó fà á. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ." Bàbá wo ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lójú kòròkòrò. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń bá mi tajà. Ìwọ, adìyẹ lò ń dà. Mo wo ẹ̀yin méjèèjì dáadáa, mo sì lé ẹni tí mo lè rí èèyàn fi rọ́pò."